Awakọ̀ Orí Àpáta

Orí òkè ni wọ́n bí mi sí, ẹ má rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà-Àkókó mọ̀ pé ilé wa wà lórí àpáta, ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí àpáta, ibi tí a ti ń sá láfún náà, àpáta ni. Omi tí mo mọ̀ ní kékeré kò ju èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mò ń rù gòkè láàárọ̀ kí n tó wọṣọ ilé ìwé. Ẹ̀yìn gbọọrọ àti itan líle tí àwọn oníròyìn wá ń yìn nígbẹ̀yìn, ọ̀nà omi yẹn ló fún mi, kì í ṣe kóòṣì kankan. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé mo wa ọkọ̀ ojú omi fún Nàìjíríà, ẹ̀rín lèèyàn kọ́kọ́ ń rín. Mo ti forí ji gbogbo wọn, àfi ẹnì kan. Ẹni náà ni tíṣà eré ìdárayá ilé ìwé wa ní Ìkàrẹ́. Ẹ ó rí i pé “ó” ni màá máa pè é nínú ìtàn yìí. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Ó ku ọdún kan kí n jáde ilé ìwé nígbà tí àwọn kan wá láti olú ìlú ìpínlẹ̀. Ọmọbìnrin tó ga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ni wọ́n ń wá, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ síbi tí omi wà kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìdíje. Wọ́n ní ká fa okùn, a fà á. Wọ́n ní ká na apá, wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nígbà tó kàn mí, ọ̀kan nínú wọn pe èkejì rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà. Mo sáré lọ sọ́jà lọ bá ìyá mi nídìí iṣu tó ń tà, mo sọ fún un pé mò ń lọ wakọ̀ lórí omi. Ó bi mí pé ṣé omi. Mo ní omi ni. Kò sọ nǹkan mìíràn, ó ń to iṣu rẹ̀ lọ. Mo rò pé ayọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lórí ìlà àárọ̀, níwájú gbogbo ilé ìwé, tíṣà yìí pè mí jáde. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi ni. Mo tiẹ̀ ti tún kọ́là aṣọ mi ṣe. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní:

“Ọmọ orí òkè ni eléyìí, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Èmi ò ní fọwọ́ mi gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ wakọ̀ lórí àpáta.”

Ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín yẹn rọlẹ̀ ló pe ẹni tó fi rọ́pò mi jáde, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ tí kò lè gbé garawa omi kan láti ẹnu kànga dé ilé ìdáná. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ mí ní Awakọ̀ Orí Àpáta. Tí mo bá ń kọjá lọ, ọmọkùnrin kan á ké láti ojú fèrèsé pé, “Awakọ̀, mò ń sọ̀ níwájú o.” Kò sí ẹni tó fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí mọ́ títí mo fi jáde. Àbúrò ìyàwó tíṣà ńkọ́? Kò pẹ́ rárá tó fi padà wálé láti àgọ́ tí wọ́n kó wọn lọ, ó ní òyì ń kọ́ òun lórí omi.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, n kò sì gbàgbé. Mo pinnu nínú ọkàn mi pé màá wa ọkọ̀ náà, màá wà á títí orúkọ mi á fi dé etí ọkùnrin yẹn, lọ́jọ́ kan, níwájú èrò, òun náà á dúró bí mo ṣe dúró.

Ìbínú yẹn ló gbé mi lọ sí Ìgbókòdá. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé níbẹ̀, ó ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ ràn án lọ́wọ́ nínú òwò ẹja, mo sì ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti rọ̀, inú omi ni mo wà. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ń fi mí ṣẹ̀sín, mo sì mu omi débi pé n kò fẹ́ jẹun alẹ́. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ jáwọ́, màá rántí ọwọ́ tíṣà léjìká mi, màá tún padà sínú omi. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo mọ àjẹ̀ dì mú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi í tu omi láìsí ariwo. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tún pe àwọn tó fẹ́ wakọ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi lọ, kò sí tíṣà kankan láàárín èmi àti wọn. Ibẹ̀ ni mo ti dé ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ní àgọ́ tó wà létí ọ̀sà l'Ékòó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ìdíje, mo jókòó bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń jókòó, mo kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Kóòṣì wò mí, ó rọra ní kí n yí padà. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí, ṣe ló ń kẹ̀yìn síbi tó ń lọ, ibi tó ti ń bọ̀ ló ń wò. Gbogbo ẹni tí kò bá tíì wà á rí ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Ìtìjú mú mi díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo yí padà tán, mo mọ̀ pé eré tèmi ni mo bá pàdé. Nínú eré sísá, ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ ni wàá máa wò. Nínú tiwa, ẹni tó bá ṣáájú ló ń rí ojú gbogbo àwọn tó ń lé e bọ̀, bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ojú wọn ṣe ń pọ́n. Ẹni tó kẹ́yìn, omi lásán ló ń rí.

Gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lẹ́yìn mi, tíṣà yẹn ni mo máa ń gbé sínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gbàdúrà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà máa ń di ojú, ṣùgbọ́n orí ìlà ilé ìwé ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń rí. Ní ìlú kan ní àríwá Áfíríkà, èmi àti ẹnì kejì mi nínú ọkọ̀ gba ipò kẹta, wọ́n so àsíá mọ́ wa léjìká, ẹnì kejì mi sì ń sunkún. Èmi kò sunkún. Mò ń rò ó bí ìròyìn náà á ṣe tètè dé ilé tíṣà ni.

Ìròyìn dé, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dé. Rédíò sọ ọ́ lédè Yorùbá pé ọmọ bíbí Ọ̀kà-Àkókó kan ló wakọ̀ fún Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọkọ̀ wo ni ará òkè mọ̀ tí wọ́n ń wà, bí kò ṣe mọ́tò? Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ọjà Ìkàrẹ́ ti gbà pé mo ti di dírẹ́bà ìjọba. Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé obìnrin ti ń wa tírélà. Àgbẹ̀ kan láti Ọ̀bà bẹ ìyá mi pé kó bá òun sọ fún mi, bí àyè bá ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ ìjọba, kí n bá òun kó iṣu dé Abuja. Ìyá mi kí gbogbo wọn pé ẹ ṣé. Kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ẹnì kankan.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Mo bá a wí lórí fóònù pé èmi tí mo ń kú lọ lórí omi kí ìlú lè mọ̀ mí, òun fi mí sílẹ̀ sípò dírẹ́bà. Ó ní dírẹ́bà náà, iṣẹ́ ni. Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ tíṣà sílẹ̀: á ní kí n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, kí n máa bá ayé mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi yìí lè ṣépè fún ẹni tó bá fọwọ́ tẹ iṣu rẹ̀ láì rà á. Kò ṣépè fún tíṣà rí. Mo kà á sí pé ẹ̀sìn Kristẹni ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fi ẹgbẹ́ Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa ní kí n wá fi iṣẹ́ mi han àwọn ọmọ. Kò sí odò ńlá ní Ìkàrẹ́, àmọ́ dáàmù wà. A rí ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ oníjòókòó méjì kan, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ tí kì í tètè dojú dé, a fi lọ́rì gbé e wá. Láàárọ̀, mo jókòó sórí koríko pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo kọ́ wọn bí a ṣe ń kẹ̀yìn síbi tí à ń lọ, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn káàkiri, wọ́n ń kọ lu ara wọn. Lẹ́yìn náà làwọn àgbà dé. Tíṣà wà láàárín wọn nínú agbádá funfun. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun, òun sì ni wọ́n fi ṣe alága ọjọ́ náà.

Ó gba makirofóònù, ó fọwọ́ sí mi, ó ní:

“Ẹ ń wò ó yìí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, nígbà tí ẹnì kankan ò tíì mọ̀ ọ́n.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Ọ̀la tèmi ti dé, ó sì wọ agbádá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bó ṣe yẹ, mo gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ mi, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wọ ọkọ̀, kí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jọ wà á kí àwọn ọmọ lè rí i. Èrò hó yèè. Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́. Ó bọ́ agbádá, ó ku bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Èmi fúnra mi ni mo so jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì mọ́ ọn láyà, mo fa okùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀san ni mo wá gbà, n kò wá gba ẹ̀mí.

Mo nawọ́ sí ìjókòó kan fún un. Mo dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó tún ṣòkòtò ṣe, ó sì jókòó bí ẹni tó wọ mọ́tò láti Ìkàrẹ́ lọ Ọ̀wọ̀, ó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan ní, “Sà, ẹ yí padà.” Gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń lọ láti orí koríko dé ibi tí àwọn àgbà jókòó sí. Tíṣà rò pé wọ́n ń hó fún òun ni, ó ju ọwọ́ sí wọn. Mo rí alákòóso ètò tó bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti yé àwọn tó yẹ kó yé. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi nínú ju àsíá tí wọ́n so mọ́ mi léjìká lọ, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀.

Mo jókòó bó ṣe tọ́, àwa méjèèjì wá kọjú síra wa, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Mo wà á lọ. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ń ju ọwọ́. Nígbà tí a dé àárín dáàmù, tí ohùn èrò ti jìnnà, mo dáwọ́ dúró, mo fi ìdí mi mi ọkọ̀ díẹ̀. Fìlà rẹ̀ bọ́ sómi. Kò wò ó, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ló dì mú.

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀, sà?”

Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

“Ta ló máa wá fọwọ́ rẹ̀ gbé òkú yín báyìí?”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Mo sọ fún un pé tí a bá padà dé èbúté, á gba makirofóònù, á sọ fún gbogbo èèyàn ohun tó ṣe sí mi lórí ìlà. Mo ti kọ́ gbólóhùn yẹn sórí ní gbogbo àgọ́ tí mo sùn sí. Òógùn bo tíṣà lójú, àmọ́ kò bẹ̀ mí. Ó ní:

“Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ.”

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n yàn mí, kí òun tó fọ ẹnu, ìyá mi ti kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ó ní ìyá mi sọ pé òun ti bí ọmọ kan ṣáájú mi, pé ọmọ náà bómi lọ nígbà òjò, níbi odò kékeré kan lọ́nà Ọ̀bà. Tí èmi náà bá lọ sórí omi, kí tíṣà kúkú gbẹ́ sàréè fún òun. Ìyá mi mú kó ṣèlérí pé kò ní sọ fún mi láé. Bí mo bá fẹ́ bínú, kí n bínú sí tíṣà.

“Àbúrò ìyàwó mi tí mo fi rọ́pò rẹ, tèmi nìyẹn,” ló wí. “Orúkọ tí mo sọ ọ́, tèmi náà ni. Ìyá rẹ kò rán mi ní ìyẹn.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi tí wọ́n ti ń pè ní àkọ́bí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́ ló ń pa. Mo wò ó lójú dáadáa kí n lè rí irọ́ náà, n kò rí i; ọkùnrin tí ẹ̀rù omi ti bà dé ọ̀fun kò ní ráyè hun irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí kò fi sí èpè fún tíṣà lẹ́nu ìyá mi. Mo mọ ìdí tó fi gbà kí n jẹ́ dírẹ́bà lójú ọjà. Kò lè gbé ẹnu pe omi níbi tí orúkọ mi bá wà.

Mo yí ọkọ̀ padà. Fìlà tíṣà ń léfòó lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi tó o. Mo wò ó, mo sì wà kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó ń lọ tààrà síbi makirofóònù bó ṣe ṣèlérí. Èmi ni mo sáré ṣáájú rẹ̀, tí mo ní kí wọ́n gba àdúrà ìparí. Kì í ṣe pé mo dárí jì í. Bó bá ti la ẹnu, n kò mọ ibi tó máa dúró sí, n kò sì fẹ́ kí gbogbo Ìkàrẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá mi ti gbé mì láti ọjọ́ tó pẹ́. Gbogbo ìgbẹ̀san tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sè, èmi fúnra mi ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Mo gun Ọ̀kà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu fún wa. Ó béèrè bí ètò ṣe lọ. Mo ní:

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Ọ̀bẹ dúró. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Nínú ilé wa, a kì í pe ìyá ẹni ní “ẹ”. Bí àwọn baba wa ṣe ń sọ ọ́ ni: “ìwọ” la ń pe ìyá, “ìwọ” la ń pe bàbá, kò sì sí àrífín níbẹ̀. “Ẹ” wà fún tíṣà, fún pásítọ̀, fún àlejò. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

“Èmi ni ùwọ ń pè ní ‘ẹ’?” Ohùn rẹ̀ kéré.

Kò bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ó ní ọkùnrin ni ọmọ náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ó ní omi náà kò tiẹ̀ kọjá ìbàdí. Mo dúró tì í. Mo bi í pé ṣé ó mọ bí mo ṣe fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi kórìíra ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń mọ̀ ọ́n.

“Ukú ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ùwọ, mo fẹ́ kó o wà láyé, bí ó bá wù ọ́ kó o bínú sí gbogbo Ìkàrẹ́. Bí o bá mọ̀ pé èmi ni, ṣé wàá ṣì máa wá ulé?”

Ó gún iyán, mo jẹ ẹ́, mo fọ abọ́, a sì wọlé sùn.

Ní òwúrọ̀, ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa rí ọ̀kadà lọ sí gáréèjì Ìkàrẹ́. Ó gbé iṣu méjì dání fún mi, n kò ní kó má gbé e. Nígbà tí mo ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tán, ó di etí aṣọ mi mú, ó bi mí pé ṣé màá wálé Kérésì.

“Mi ò tíì mọ̀, mà.”

Mo mọ̀. Kò sí Kérésì kan tí n kò ní wá, n kò ní ìyá mìíràn. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ọ̀kadà gbéra, n kò sì sọ fún un.